Àwọn Ará Amẹ́ríkà tí Ìyá Mi Bá Nílé Ọkọ

Ìró tó máa ń kọ́kọ́ jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Broughton, nílùú òyìnbó, ni ohùn ìyá mi níbi tó ti ń kí àwọn fọ́tò. Kí ọkọ̀ oníwàrà tó kọjá lójú títì tòun ti ìgò rẹ̀ tó ń dún wọnjanwọnjan, kí tápùráítà bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ ariwo lókè, màá ti gbọ́ ọ ní pálọ̀ nísàlẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, Olóhùn-iyọ̀. Òpéléńgẹ́, ṣé ẹ jí dáadáa? Eyínfúnjowó, ẹ kú ojúmọ́ o.” Á tẹ orúnkún rẹ̀ ba díẹ̀ níwájú ògiri. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ àkúnlẹ̀tán, nítorí aṣọ nọ́ọ̀sì tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti há sí i, bọ́ọ̀sì kò sì ní dúró de ẹni tó ń kí àna. Lẹ́yìn náà á pariwo orúkọ èmi àti Kúnlé àbúrò mi pé ká dìde, pé kọ́sítáàdì ń tutù lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, n kò sì rí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀. Mo rò pé gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ló ní àwọn tí wọ́n ń kí lára ògiri.

Ará Amẹ́ríkà ni gbogbo àwọn tó wà nínú fọ́tò yẹn. Ìtàn Amẹ́ríkà òde òní ni bàbá mi wá kọ́ ní yunifásítì ní Manchester, oyè ọ̀mọ̀wé ló ń lé, ó sì ti dá gbé nínú ilé yẹn fúngbà díẹ̀ kí ìyá mi tó wá láti Ìlọrin wá bá a. Ọkùnrin tó ń dá gbé nílùú òtútù ń fẹ́ rí ojú èèyàn, ló bá gé fọ́tò àwọn tó ń kàwé nípa wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ó ra férémù ní Cheetham Hill, ó sì gbé wọn kọ́ sí pálọ̀, níbi tí ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò bàbá àgbà rẹ̀ kọ́ sí. Lọ́jọ́ tí ìyá mi dé, kò tíì bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀ tó fi béèrè pé àwọn wo nìyí. Bàbá mi dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyá mi gbọ́ tán, ó ní, “Ó dáa. Àwọn tí mo bá nílé ọkọ nìyẹn.” Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti ṣáájú ìyàwó dé ilé, kó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ tuntun ni yóò fún un. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, bàbá mi sì sọ fún wa pé ọjọ́ yẹn lòun mọ̀ pé òun fẹ́ aya.

Oníwàásù dúdú tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ rìn láìmú kùmọ̀, láìmú ọ̀bẹ, tí orílẹ̀-èdè ńlá fi yí òfin rẹ̀ padà, òun ni Olóhùn-iyọ̀. Obìnrin aránṣọ tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, tí gbogbo aláwọ̀ dúdú ìlú rẹ̀ sì tìtorí rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún kan, òun ni Òpéléńgẹ́. Eyínfúnjowó ni ààrẹ ọ̀dọ́ ẹlẹ́rìn-ín tí wọ́n yìnbọn pa nínú mọ́tò tí wọ́n ká òrùlé rẹ̀ kúrò. Ààrẹ tí àrùn gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wà lórí àga tó fi kó àwọn èèyàn rẹ̀ la ìyà àti ogun já, Ajókòójagun ni ìyá mi pè é. Akànṣẹ́ tó ní òun kò lọ sógun tí kò yé òun, tí wọ́n sì gba bẹ́líìtì rẹ̀, Adúmáadán. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, Bọ̀dá Òkè. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ìyá mi sì wo ilé náà dáadáa. Orúkọ wọ̀nyí ló mọ́ èmi àti Kúnlé lẹ́nu, a kàn fi Bàbá tàbí Ìyá síwájú ẹ̀ ni. Títí di òní, bí mo bá rí i tí wọ́n ń dárúkọ wọn ní gbangba lórí tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ọmọdé kan ń yájú sí àgbà. Ẹ má retí kí n pè wọ́n lórúkọ níhìn-ín.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìtàn. Ìyá mi á ti rẹ ẹ̀wà sómi láti àárọ̀, èmi, Kúnlé àti bàbá mi á jókòó yí abọ́ ńlá ká nínú kíṣìnnì, a ó máa bó èèpo. Ojú fèrèsé á ti kún fún ooru, rédíò aládùúgbò á máa ka èsì bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn ògiri, agolo mílíìkì tí a ó fi se mọ́ínmọ́ín á tò sórí tábìlì. Bàbá mi á bẹ̀rẹ̀: bí Ajókòójagun ṣe máa ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò bí ẹni jókòó ti iná ìdáná, tí ẹni tí ebi ń pa fi ń gbàgbé ebi díẹ̀, bí àwọn aláàárù àti alágbàfọ̀ ṣe ń rìn lójú ọ̀nà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí bọ́ọ̀sì òfìfo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá dé ibi tó wọ̀ ọ́ lára, ọwọ́ rẹ̀ á dúró sínú omi ẹ̀wà, ojú rẹ̀ á lọ jìnnà. Ìyá mi á ní, “Bàbá Fọlákẹ́, ẹ máa bó ẹ̀wà lọ o. Olóhùn-iyọ̀ ò ní bá wa jẹ nínú mọ́ínmọ́ín yìí.” A ó bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ti jókòó sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rí olùkọ́ tó mọ ìtàn sọ tó ọkùnrin tí èèpo ẹ̀wà lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ yẹn.

Síbẹ̀, bàbá mi kò dé Amẹ́ríkà rí. Kò sí ohun tó ń dùn ún tó ìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa lọ, wọn a máa bọ̀; bàbá mi a máa dúró ti ìyàwó, ọmọ méjì àti iṣẹ́ àárọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ tó ń ṣe nínú wíáháòsì kan ní Trafford Park. Bí ẹnì kan bá ti dé láti ibẹ̀, ó di kí bàbá mi fi ìbéèrè há a mọ́ igun: báwo ni oòrùn ibẹ̀ ṣe rí? Ṣé lóòótọ́ ni ilẹ̀ wọn pupa bíi tiwa? Ìyá mi ní ọkọ òun dà bí ẹni tó ń tọrọ ìròyìn nípa ìyàwó àfẹ́sọ́nà tí kò tíì fojú kàn.

Ẹni tó jẹ ìyà ìbéèrè yìí jù ni Bàbá Dọ́ọ̀kì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Salford nígbà tí dọ́ọ̀kì ṣì ń ṣiṣẹ́, kúùkù inú ọkọ̀ sì ni títí ọjọ́ orí fi lé e sílẹ̀. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti ti dọ́ọ̀kì pa. Ibi tí wọ́n ń pè ní Salford Quays lónìí, tó kún fún ilé onígíláàsì, omi lásán àti koríko ni nígbà náà, bàbá náà a sì máa rìn lọ wò ó lọ́jọọjọ́ Àìkú kó tó wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Òun ni àgbà tí a ní nílùú yẹn, tí ìdílé mìíràn nínú àwọn ará ilé wa bá ń jà, òun ni wọ́n ń ké sí. Ó sì ti dé Amẹ́ríkà láìmọye ìgbà. Bàbá mi á fa àga sún mọ́ ọn. “Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ dé New Orleans, in the fifties, kí lẹ rí?” Bàbá Dọ́ọ̀kì á jẹ ẹran rẹ̀ tán ná. “Dókítà,” bẹ́ẹ̀ ló ń pè é láti ìgbà tí oyè náà ṣì wà lọ́nà jíjìn, “mo rí ẹ̀fọn. Mo rí ìrẹsì aláta kan tó dùn. Gbogbo ibi tó kù, wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí irú mi má wọlé. Bí èèyàn bá rìn jìnnà, á rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá jẹ́ kó dé ló ti máa rí i.” Bàbá mi á kẹ́dùn, á sì tún bi í léèrè irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ìyá mi á gba àwo lọ́wọ́ bàbá àgbà náà, á bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji ọkọ òun.

Ọdún tí mò ń rántí yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Òtútù mú gan-an nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ti dé láti ilé ìwé, ìròyìn àwọn ọmọdé ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà hàn wá, èyí tó gbé èèyàn lọ sókè tó sì fọ́ yángá lójú ọ̀run níwájú gbogbo ayé. Tíṣà kan wà nínú wọn, obìnrin, ìyá ọmọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wò ó. Ìyá mi sunkún bí ẹni pé inú ọgbà wa lẹ́yìnkùlé ló ti ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí fọ́tò tíṣà náà fi dára pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lára ògiri. Ìyá mi dúró níwájú rẹ̀ lówùúrọ̀, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Èyí kò ṣáájú òun dé ilé. Òun ni ìyàwó àgbà fún un. “Ìyàwó,” ó ní, orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀, ohùn rẹ̀ kàn rọ̀ ni, “o káre. Sùn re.”

Ní ilé ìwé, tíṣà wa, obìnrin òyìnbó oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí a kàn ń pè ní Miss, kó wa jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì láti sọ̀rọ̀ nípa jàǹbá náà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti pàdánù èèyàn rí, kó má bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ọmọ kan sọ̀rọ̀ nípa ajá rẹ̀. Ọwọ́ mi náà nà sókè. Mo ní obìnrin tó kú yẹn, ìyàwó wa ni. Mo ní kì í sì í ṣe òun àkọ́kọ́, nítorí wọ́n yìnbọn pa bàbá mi kan ní bálíkónì òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì yìnbọn pa òmíràn nínú mọ́tò, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹ̀kẹta kò lè rìn, ó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n màmá mi ṣì ń kí gbogbo wọn láràárọ̀. Mo rántí bí ojú Miss ṣe funfun. Ó gbá mi mọ́ra, ó fún mi ní bísíkíìtì, kò sì jẹ́ kí n ṣe ìṣirò lọ́jọ́ yẹn. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹbí wa wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀lé mi wálé pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Ìyá mi ló ṣílẹ̀kùn. Miss ní, “I'm so sorry for your loss.” Ìyá mi rò pé nítorí tíṣà ojú ọ̀run ni gbogbo tíṣà ṣe ń bá ara wọn kẹ́dùn, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. “Thank you, my dear. It is God that will console us all. Come in, come and eat.” Ó bu ìrẹsì síwájú rẹ̀. Miss jẹun pẹ̀lú omi lójú, bóyá ti ìbànújẹ́, bóyá ti ata. Ó béèrè pé ṣé àwọn arákùnrin ọkọ rẹ̀ jẹ́ olóṣèlú ni. Ìyá mi ní, “Some of them. One is a preacher.” Ìgbà tí Miss gbójú sókè, tó sì rí ògiri, ni síbí rẹ̀ dúró ní agbede méjì. Bàbá mi wọlé bá wọn níbi tí Miss ti ń rẹ́rìn-ín, tó ń nu ojú, tó tún ń rẹ́rìn-ín, tí ìyá mi sì ń ṣàlàyé fún un ìdí tí kò fi yẹ kó máa pe Òpéléńgẹ́ lórúkọ báyẹn. Kó tó lọ, ó ti bẹ bàbá mi pé kó wá bá gbogbo ilé ìwé sọ̀rọ̀.

Bàbá mi wọ kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró ní gbọ̀ngàn ibi tí a ti ń jẹun, òórùn kábéèjì ṣì wà níbẹ̀, ó sì sọ fún wa bí àwọn tó ń rìn lọ síbi iṣẹ́ yẹn ṣe ń rìn. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ní ká dìde, ká máa rìn lójú kan náà, ká máa rìn lọ, títí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹsẹ̀ ń ro àwọn. Nígbà náà ló wá ní, “Now imagine tomorrow morning, and you choose to do it again.” Kúnlé tó wà láàárín àwọn kéékèèké iwájú tún gbé ẹsẹ̀, ó ń rìn lọ. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn, bàbá ọkọ Miss, ará Amẹ́ríkà tó wá kí wọn fún ìsinmi. Aláwọ̀ funfun ni, olùkọ́ ìtàn sì ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ó wá bọ bàbá mi lọ́wọ́, kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin ni òun nígbà tí gbogbo nǹkan yẹn ń ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé àwọn, òun kò sì gbọ́ ọ báyìí rí. Inú mi dùn débi pé n kò lè tò lórí ìlà bó ti yẹ nígbà tí wọ́n ní ká padà sí kíláàsì.

Nígbà tí òdòdó ìrúwé ti ń yọ ni tẹlifóònù dún nílé. Ọkùnrin náà ló pè láti ọ̀hún. Olùkọ́ kan fẹ́ gba ìsinmi ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, wọ́n sì fẹ́ kí bàbá mi wá dípò rẹ̀. Bàbá mi gbé fóònù sílẹ̀, ó fò sókè, orí rẹ̀ kan gílóòbù. “Jọkẹ́! Wọ́n ní kí n resume ní August!” Ìyá mi jó yí i ká ní kọ́rídọ̀. Ó lọ sí pálọ̀, ó lọ sọ fún àwọn ọkọ rẹ̀. Èmi àti Kúnlé ń pariwo, a kò tiẹ̀ mọ ohun tí à ń pariwo lé lórí. Alẹ́ yẹn dùn, n kò rò pé inú bàbá mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ wá hàn bó ṣe rí. Ìyá mi wà ní ìpele tó kẹ́yìn nínú ìkẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ọdún tó kàn ló máa parí. Ó máa ń ṣe iṣẹ́ òru láwọn ọ̀sẹ̀ kan, bàbá mi ló ń wà nílé pẹ̀lú wa. Bí bàbá mi bá dá lọ, kò sí ẹni tí yóò máa sùn ti ọmọ méjì. Bí gbogbo wa bá bá a lọ, ìyá mi máa fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣèlérí pé wọn yóò gbà á padà. Ọdún kan ṣoṣo yẹn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì sì fẹ́. Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọn kò jà, ṣùgbọ́n tápùráítà dákẹ́, ìyá mi sì ń fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn pẹ̀lú ìtẹríba tó pọ̀ jù. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé e síwájú Bàbá Dọ́ọ̀kì. A ti jẹun tán. Ìyá mi kúnlẹ̀, àkúnlẹ̀tán lọ́tẹ̀ yìí. “Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n lọ. Àwa náà á tẹ̀lé wọn. Training yẹn, màá fi sílẹ̀. Mo ti fi ti Ìlọrin sílẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, ó ku oṣù díẹ̀ kí n parí. Ó ti mọ́ mi lára.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú rárá. Bó ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́ yẹn ló mú kí bàbá mi gbójú sókè wò ó. Bàbá Dọ́ọ̀kì ní kó dìde. “Ìyàwó, èmi dé Amẹ́ríkà, mo dé Brazil, mo dé Japan. Ìyàwó mi ní Ẹ̀pẹ́ ń dúró dè mí. Ó dúró, ó dúró, kò sì ráhùn. Ọjọ́ tí mo padà délé, ó kí mi bíi pé àlejò ni mí. Àlejò náà ni mo sì jẹ́ títí ó fi kú.” Ó wo bàbá mi. “Dókítà, mi ò ní pàṣẹ fún ẹ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń gbélé yìí. Mo kàn ń sọ tèmi ni.” Ó gbé fìlà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tètè bá bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyá mi ń ro sẹ̀mó nínú kíṣìnnì, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà ilé ìwé tí mò ń kùn. Bàbá mi wá sí kọ́rídọ̀, ó gbé fóònù, ó tẹ nọ́ńbà gígùn. “I am very grateful, sir. But my wife is in her final year.” Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún. “No, sir. I understand it cannot be next year. I do understand.” Ó gbé fóònù sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi yọ jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. “Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Àwọn ará Amẹ́ríkà.”

“Kí lẹ sọ fún wọn?”

“Mo ní ìyàwó mi ń kàwé lọ́wọ́.”

Ìyá mi bínú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó bínú gan-an, kò tètè rọ̀. Ó pariwo pé ta ló rán an níṣẹ́, ta ló ní òun ń sunkún, ṣé kí gbogbo ayé wá máa wí pé òun ni kò jẹ́ kí ọkọ òun dé ibi tó ń lá lálàá rẹ̀. Sẹ̀mó ń já sílẹ̀ láti ara ọmọrogùn. Bàbá mi dúró títí ó fi parí. Ó wá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn pálọ̀. “Ìyá Fọlákẹ́, àwọn tí mo kó jọ síbẹ̀ yẹn, ọ̀kan nínú wọn ní òun ò ní dìde lórí àga òun. Mo ti ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún gbọọrọ wá, mò ń sọ fún gbogbo èèyàn pé nǹkan ńlá ni. Ìwọ ti dìde fún mi lẹ́ẹ̀kan. Èmi wá máa sọ pé kó o tún dìde? Àbí kí ni mò ń kọ́ látọjọ́ yìí?” Ìyá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi orí lé ọmọrogùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá mi lọ bá wa pa iná gáàsì. Sẹ̀mó ti jóná, búrẹ́dì la fi jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ìyá mi yege, ó sì di sístà tó ń ṣe àkóso wọ́ọ̀dù, tí àwọn dókítà kéékèèké ń bẹ̀rù. Bàbá mi gba oyè rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìtàn ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ìpè láti Amẹ́ríkà kò tún dún mọ́. Mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ nípa ọjọ́ tí ayé Amẹ́ríkà yí padà, nípa àwọn tó yí i, mo sì bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí akọni tí mo fojú ara mi rí, ọkùnrin tó dúró ní kọ́rídọ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí, ṣáájú gbogbo ẹni tó wà nínú férémù.

Nígbà tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, mo gba iṣẹ́ ìsinmi ní àgọ́ ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà. Nínú ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fún mi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kékeré tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wà. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Ará Amẹ́ríkà arúgbó náà ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Mo rìn wọ ilé tí wọ́n kọ “History” sára rẹ̀, mo rí fóònù oníkáàdì kan lára ògiri níbẹ̀, mo sì pe Manchester. Bàbá mi ló gbé e. Mo sọ ibi tí mo wà fún un. Ó béèrè pé, “Kí lo rí?” Láyé mi, òun ló máa ń sọ, èmi ni mò ń béèrè. Mo sọ fún un pé ilẹ̀kùn kíláàsì kan ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Mo ní àga inú rẹ̀ jẹ́ onígi, fèrèsé rẹ̀ tóbi, igi ńlá kan wà lóde tí òjìji rẹ̀ bọ́ sórí pátákó ìkọ̀wé. Mo ní ilẹ̀ wọn pupa, Dádì, ó pupa bíi tiwa. Ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jókòó, wọ́n ń dúró de olùkọ́ wọn. Mo gbọ́ tí fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo rò pé mo ti dá a lóró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ohùn ìyá mi ló wọlé.

“Fọlákẹ́, má dákẹ́,” ó ní. “Mo wà pẹ̀lú bàbá ẹ níbí. Máa sọ ọ́ lọ, wọ́n ń gbọ́.”

Mo bá ń sọ ọ́ lọ títí káàdì mi fi tán.